Ẹ Má Fojú Di Ewúrẹ́ Kúkúrú

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ ra ẹran ní Sangisa nílùú Èkó, ọkùnrin kan sì ti ṣíwájú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń tà á. Ẹran mẹ́rin ni ìyá náà so mọ́ irin ẹnu gọ́tà. Méjì nínú wọn ga, ẹsẹ̀ wọn gùn gbọọrọ, ara wọn pọ́n bí epo. Ọkọ̀ akẹ́rù ló kó wọn wá láti Òkè Ọya. Méjì yòókù dúdú, wọ́n kúkúrú, ikùn wọn sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wo apá ibi tí àwọn dúdú wà. "Màmá, ẹran gidi ni mo fẹ́ o, ẹ má ta aràrá fún mi." Ìyá rẹ́rìn-ín. "Aràrá yìí ló ń dùn lọ́bẹ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n owó ẹ ni, èyí tó bá wù ẹ́ ni kó o fi rà."

Pupa ló rà. Bí wọ́n ṣe ń ná an, ojú mi wà lára ọ̀kan nínú àwọn dúdú. Ẹnì kan ti da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ta á ní kókó, ó sì sọ ọ́ sẹ́bàá gọ́tà. Ewúrẹ́ yìí fi eyín fa ọ̀rá náà ya, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà bá ẹnu rẹ̀ lọ, ó wá ń fa èèpo yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rún un bí ẹni tí kò ní ibì kankan í lọ. Pupa tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń wò ó ni.

Ohun tí ọkùnrin yẹn fi ẹnu sọ ni gbogbo ìlú ń fi ọwọ́ ṣe. Lójú ọ̀pọ̀ wa, ẹran ìbílẹ̀ ti di àṣẹ́kù: adìẹ tí ẹyin rẹ̀ kò kún ọwọ́ ọmọdé, ewúrẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orúnkún lọ, màlúù tí kò ní iké, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro kò rí rí. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ ní 2024, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé kí wọ́n sáà ti kó àtọ̀ akọ màlúù ilẹ̀ òkèèrè wọlé, kí kúkúrú di gíga, kí ọ̀rọ̀ tán. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní òun ń yẹ DNA ewúrẹ́ wò láti mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi rín. Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ ni lágbègbè Ìkòsí níbí, bi mí tẹ̀gàntẹ̀gàn pé, "Ṣé DNA la fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun la ti ń fi sè é láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn ará ilé wí, àwọn tó rò pé àwọn ń gbèjà ẹran ìbílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní ibí yìí ni Ọlọ́run dá a sí. Irọ́ ni. Ewúrẹ́ kò ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí ẹranko igbó kan ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó jẹ́ baba ńlá rẹ̀. Lórí òkè Zagros ní Iran, níbi tí wọ́n ń pè ní Ganj Dareh, ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú egungun ewúrẹ́ tí ènìyàn ti ń sìn láti nǹkan bí ọdún 10,000 sẹ́yìn, wọ́n sì ti rí DNA fà yọ nínú àwọn egungun náà. Adìẹ ńkọ́? A ní ìtàn adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tan iyẹ̀pẹ̀ ká orí omi ní Ifẹ̀, ìtàn náà dùn mọ́ mi, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ mi. (Adìẹ tó ní ìka ẹsẹ̀ márùn-ún wà lóòótọ́ o, jíìnì ló ń fà á.) Síbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde ní 2022 fi hàn pé egungun adìẹ ilé tó pẹ́ jù tó ṣeé fọkàn tán, Ban Non Wat ní Thailand ló ti wá, kò sì ju nǹkan bí ọdún 3,500 lọ. Ọdún méjì ṣáájú, Raman Akinyanju Lawal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka DNA adìẹ ilé àti ti igbó pọ̀, wọ́n rí i pé adìẹ igbó pupa ti Éṣíà ni òbí àgbà, àwọn ìbátan rẹ̀ nínú igbó Éṣíà sì da ẹ̀jẹ̀ tiwọn mọ́ ọn lẹ́yìn náà.

Bí a bá ń wá ẹran ilé tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà látilẹ̀wá, awó ni ká mú, ẹyẹ tí àwọn ọmọ Òkè Ọya ń gbé ẹyin rẹ̀ bíbọ̀ kiri pẹ̀lú ata gbígbẹ. Ká sì mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí ìwádìí mìíràn ní 2022 sọ pé Ìlà Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sìn ín ní nǹkan bí ọdún 7,000 sẹ́yìn. Mi ò tíì rí ọmọ Yorùbá kan tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yangàn.

Níbí ni àwọn alátakò mi ti máa ń pàtẹ́wọ́. "Ìwọ náà ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ! Àlejò ni. Kí àlejò tó tóbi wá gba ipò àlejò tó kéré, kí ló burú níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yìí dà bí òdìkejì ti àwọn tó ní ibí ni Ọlọ́run dá a sí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ti ṣìnà. Wọ́n rò pé ẹ̀rí ìbílẹ̀ wà ní ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Baba wa tó ní "ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ" kò ní ibi tí baba ńlá ọmọ náà ti ṣí wá la ó wò. Ẹni tó bá béèrè pé níbo ni ẹran yìí ti wá, tí kò sì béèrè pé kí ni ojú rẹ̀ rí lọ́nà, kò tíì béèrè nǹkan kan.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́nà nìyí. Igbó tó wà láàrin ọ̀dàn àríwá àti òkun wa yìí, eṣinṣin tsetse ló ni ín. Bó bá bu ẹran jẹ, kòkòrò tín-ín-tín kan ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ẹran á máa rù, irun rẹ̀ á ṣá, á dorí kodò lójú koríko tútù, títí á fi wó. Àwọn ẹṣin Ọ̀yọ́ tó ń gba ìlú lọ́wọ́ onílùú nínú ọ̀dàn, inú igbó kò gbà wọ́n. Eṣinṣin yìí wà lára ohun tó lé wọn padà. Àwọn ewúrẹ́ tó kọ́kọ́ wọ igbó láti àríwá, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, púpọ̀ nínú wọn ló kú. Ìwọ̀nba tí ara wọn gbà á ló ṣẹ́kù, tí wọ́n bímọ. Àwọn ọmọ náà tún kú, ìwọ̀nba tún ṣẹ́kù. Ẹnì kankan kò jókòó yàn wọ́n. Eṣinṣin ló ń yàn wọ́n, òjò ló ń yàn wọ́n, aràn inú koríko tútù ló ń yàn wọ́n, ìyá àgbà tí kò ní ju èèpo iṣu lọ láti fún wọn ló ń yàn wọ́n.

Kòkòrò tsetse kò yé wọ ara wọn o. Ó ń wọ̀ ọ́ bó ṣe ń wọ ti àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ara ewúrẹ́ kúkúrú àti ti màlúù aláìníké kì í jẹ́ kó pọ̀ lẹ́jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í sì í gbẹ bíi ti ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa bí ìbejì, kòkòrò náà á sì wà níbẹ̀ bí ayálégbé tí apá kò ká láti lé, ṣùgbọ́n tí a kò gbà kó wọ pálọ̀. Ti aràn náà bẹ́ẹ̀. Ní 2011, Samuel Chiejina ti Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka àti Jerzy Behnke ti Nottingham kọ ọ́ jáde pé bí ewúrẹ́ kúkúrú Nàìjíríà ṣe ń bá aràn inú jà ṣàrà ọ̀tọ̀. Ara kékeré kì í sì í béèrè oúnjẹ púpọ̀. Aràrá tí ọkùnrin Sangisa ń pè é yẹn, owó orí tí ìran rẹ̀ san kó tó gba ìwé ìgbélùú ni.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí ti màlúù, nítorí ibẹ̀ ni ìwádìí orírun ti já irọ́ tó gbóná jù. Ẹni tó bá gba Berger lọ sí Kara lẹ́bàá odò Ògùn yóò rí wọn: funfun, oníké, ìwo wọn ga. Màlúù Fúlàní la ń pè é, a sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí màlúù nílẹ̀ yìí kí oníké tó dé. Ní 1994, àwọn onímọ̀ kan tí Trinity College ní Dublin jẹ́ ojúkò iṣẹ́ wọn yẹ DNA tí ìyá nìkan ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ wò lára màlúù Yúróòpù, ti Áfíríkà àti ti Íńdíà. Wọ́n retí pé oníké Áfíríkà á jọ oníké Íńdíà. Kò jọ ọ́. Ti aláìníké ló jọ. Akọ oníké ló ti Éṣíà wá, abo aláìníké ló sì bá nílé. Nígbà tí wọ́n ka odidi DNA màlúù ìbílẹ̀ Áfíríkà 172 nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2020, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé láàrin ọdún 750 sí 1,050 sẹ́yìn ni ẹ̀jẹ̀ méjèèjì dà pọ̀ lọ́nà tó fi di màlúù tí a ń rí ní Ìwo Áfíríkà lónìí. Màlúù funfun tó ń dínà ní Kara, ìyá ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ìbátan ẹranlá kúkúrú tí àwọn baba wa ń so mọ́ ẹ̀yìnkùlé. (Mo mọ ibi tí mo ń gbé. Ní oṣù Kẹta 2016, ìjà "níbo lo ti wá" da Mile 12 rú títí ìjọba Èkó fi ti ọjà pa. Kí ẹnikẹ́ni má fi màlúù mi pa òwe ènìyàn.)

Aláìníké yẹn, tí gbogbo ayé ń fi orúkọ Hausa pè ní Muturu, ti ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa débi pé bí ọ̀kan bá gba Kétu kọjá, àwọn ọmọdé á rò pé ọmọ màlúù tí kò dàgbà ni. Abdulfatai Tijjani àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka DNA rẹ̀ ní 2019, wọ́n rí ojú ibi tí ọ̀pọ̀ ìran ìyà ti fa ìlà sí i lára, títí kan àwọn jíìnì tó ń bá àrùn jà. Nínú àkọlé iṣẹ́ wọn gan-an ni wọ́n ti pè é ní ẹran tó wà nínú ewu. Ní 2007, àjọ FAO kéde pé ní ìwọ̀n ọdún díẹ̀ tó ṣáájú, ẹ̀yà ẹran ọ̀sìn kan ló ń pa run lóṣooṣù láyé. Èyí tó bá lọ, kò sí ọjà tí a ti lè rà á padà, ì báà jẹ́ ọjà ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń ní ká lọ ra àtọ̀.

Mi ò sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, èmi náà ra pupa mẹ́rin, mo kó wọn lọ sí oko bàbá mi lẹ́bàá Ìkirè. Mo fẹ́ fi han àwọn ará oko bí ewúrẹ́ ṣe ń rí. Kí òjò oṣù Keje tó dá, mẹ́ta ti kú, ẹkẹrin wà ní ìnàró bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Dókítà ẹran tí mo wá pè nígbà tí ọ̀ràn ti bọ́ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀ ó ní kí n wò ó: inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo àwọn dúdú tirẹ̀ méje tó ń ha ara mọ́ ògiri ilé ìdáná, mo sì ń wo ilẹ̀. Owó ewúrẹ́ mẹ́rin yẹn, òun ni iye tí mo san láti mọ ohun tí ìwádìí orírun ì bá sọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn alátakò mi ní ọ̀rọ̀ kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Dúdú náà ń kú. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní kata, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 1942. Imú á máa ṣàn, ẹnu á bó, ìgbẹ́ á ṣí, agbo ewúrẹ́ kúkúrú kan sì lè tán láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ara tó gba tsetse mọ́ra kò gba kata. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ILCA, àjọ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó dà pọ̀ mọ́ òmíràn di ILRI ní 1994, ń ṣiṣẹ́ lórí ewúrẹ́ àti àgùntàn kúkúrú láti Ìbàdàn, abẹ́rẹ́ àjẹsára kata wà lára ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù fún àwọn olóko. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni yí ewúrẹ́ padà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ní kí ó gún. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin ká tọ́jú ọmọ ẹni àti ká gbé e jù sígbó kí a lọ gba ti ẹlòmíì tọ́.

Wọ́n tún ń sọ pé ẹran ìbílẹ̀ kì í tètè dàgbà, pé ọ̀nà kan ṣoṣo láti mú un tóbi ni kí a fi ẹ̀jẹ̀ òkèèrè fọ̀ ọ́. Abẹ́òkúta ti dá wọn lóhùn. Ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, Olufunmilayo Adebambo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ adìẹ ìbílẹ̀ wò, títí kan àwọn tí à ń fi ṣẹ̀sín: ọlọ́rùn pípá, àti èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ lọ́ sókè bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ọrùn pípá yẹn ń jẹ́ kí ooru tètè jáde lára adìẹ. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Edinburgh wá jíìnì rẹ̀ kàn. A ti ń pa á jẹ kí èyí tó rẹwà lè ṣẹ́kù, ní ìlú tí ooru rẹ̀ ń pa adìẹ àgíríìkì nínú kéèjì! Adìẹ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Abẹ́òkúta yìí jáde, FUNAAB Alpha, gba ìwé orúkọ nílé ìjọba ní 2018. Inú adìẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ kí wọ́n tó fi ohunkóhun kún un.

Mi ò lòdì sí àdàlù. Ní ilẹ̀ Bàrùbá, láàrin Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, kétékú tí wọ́n ń sìn jẹ́ ọmọ oníké àti aláìníké, ó sì wúlò fún wọn. Ohun tí mo lòdì sí ni àdàlù afọ́jú, irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ní òpópónà wa lójoojúmọ́, tí òbúkọ Òkè Ọya tó já okùn á gun abo dúdú, tí gbogbo wa á sì máa yọ̀ pé ọmọ tó bí ga. Bí a kò bá ní àkọsílẹ̀ DNA àwọn dúdú tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tíì lú, báwo la ó ṣe mọ ìgbà tó tán?

Èyí tó dùn mí jù wá wà ní Amẹ́ríkà. Ewúrẹ́ kúkúrú Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ fún ọgbà ẹranko láyé ọjọ́un ti di ẹran olówó iyebíye. Nigerian Dwarf ni wọ́n ń pè é, orúkọ Nàìjíríà wà lára rẹ̀ ketekete. Ní 2005 ẹgbẹ́ àwọn eléwúrẹ́ oníwàrà ibẹ̀, ADGA, gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tó dá dúró. Ó ní ìwé ìran, ó ní ìdíje ẹwà, wọ́n ń fún wàrà rẹ̀ nítorí ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń kọ orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ dé ìran kẹta, ìran kẹrin. Èyí tó kù nílé, ìdí gọ́tà la so ó mọ́.

Nígbà tí ọkùnrin Sangisa ti fa pupa rẹ̀ lọ, mo sún mọ́ ìyá. Mo ní abo dúdú tó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fẹ́. Ó wò mí. "Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pa á, àbí kí n pe alápatà?" Mo ní mi ò pa á, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oko ni. Ó dín owó rẹ̀ kù láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, ó tún bá mi wá òwú okùn tó dáa. Ní gáréèjì, kọ̀ǹdọ́ ní kí n má wulẹ̀ san owó àga fún un: "Ó ti kúrú jù, bàbá, ẹ tì í sábẹ́ àga." Ó wọ abẹ́ àga, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí àpò gàrí obìnrin tó jókòó tì mí. Obìnrin náà fa àpò rẹ̀ kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa, ó ní, "Ẹran kékeré báyìí! Ìran ibo nìyí?"

Mo ní Ìkirè ló ń lọ.